Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, lórí títì tó ń dúdú lálẹ́ òjò

Òṣogbo,
Oṣù Kọkànlá.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́ alẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi. O ní bí òjò bá ti rọ̀ lálẹ́, títì tí o ń gbà láti Halifax lọ sí Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ a dúdú mọ́ ọ lójú bíi pé iná mọ́tò rẹ kò tàn rárá, bẹ́ẹ̀ mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. O ní àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n rì mọ́ àárín títì nìkan ló ń tàn sí ọ, o wá ń bi mí bóyá bátìrì ló wà nínú wọn. Mo lè fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ èyí tí èèyàn ń kà tó tún ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

Òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ. Iná mọ́tò rẹ ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni kò padà wá bá ọ.

Ojú wa kì í rán ohunkóhun jáde lọ wo nǹkan. Àwọn ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́ kan, Euclid wà lára wọn, gbà pé ojú ló ń ta ìtànṣán jáde tó ń lọ kan ohun tí à ń wò. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, Ibn al-Haytham, tó gbé ní Cairo, ló fi ẹ̀rí tó dúró hàn pé láti ara nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá wọ ojú. Ó to fìtílà síwájú ihò kékeré kan tó wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Fìtílà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lára ògiri inú. Bó bá bo ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ló ń parẹ́, àwọn yòókù á wà bí wọ́n ṣe wà. Gbogbo wọn gba ihò kan náà kọjá, kò sí èyí tó da ọ̀nà èkejì rú. Tààrà ni olúkúlùkù ń lọ.

Nítorí náà, kí o tó rí títì, ìmọ́lẹ̀ ní láti kúrò lára mọ́tò rẹ, kó lọ kan ilẹ̀, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì padà wọ ojú rẹ. Àlọ rẹ̀ kò ní wàhálà. Àbọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan nǹkan tó dán, kì í kàn fò síbi tó bá wù ú. O rántí ìdánwò àfọwọ́ṣe tí à ń fi píìnì àti dígí ṣe lórí pátákó, tí WAEC fẹ́ràn láti máa béèrè? Àwọn ọmọ SS2 mi ṣì ń ṣe é. Wọ́n á fa ìlà kan tó dúró ṣánṣán sí ojú dígí. Bí ìtànṣán bá fi igun 30 dígírì wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan ìlà yẹn, 30 dígírì náà ni yóò fi jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá jẹ́ 70 ló fi wọlé, 70 ló máa fi jáde. Kì í yẹ̀. Bí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí tó, mi ò tíì rí ọjọ́ tí kò dùn mọ́ mi láti rí ojú ọmọ tó wọn igun méjèèjì fúnra rẹ̀ tó rí i pé wọ́n bára mu.

Wàyí o, wo ọmọdé tó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì tó dán, ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa fò sí. Lórí ilẹ̀ olókùúta, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, nítorí òkúta kọ̀ọ̀kan ló kọjú síbi tirẹ̀. Bí títì gbígbẹ ṣe rí sí ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ inú ọ̀dà ló pọ̀ lójú rẹ̀, ojú òkúta kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé òfin igun yẹn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọjú sí yàtọ̀ síra, ni ìmọ́lẹ̀ bá fọ́n káàkiri: òkè, ẹ̀gbẹ́, iwájú, ẹ̀yìn. Èyí tó fọ́n sẹ́yìn ló ń wọ ojú rẹ, òun lo fi ń rí ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rí ògiri, ìwé, aṣọ àti ojú ọ̀rẹ́ ẹni láti ibikíbi tí a bá jókòó sí.

Òjò dé. Omi kún gbogbo kòtò kéékèèké àárín òkúta, òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, títì di dígí. Iná mọ́tò rẹ kò ga nílẹ̀, iwájú ló dojú kọ, nítorí náà ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ ra omi náà kọjá. Òfin igun ní kó máa bá tirẹ̀ lọ síwájú, ó sì ń lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tìrẹ sójú, ìwọ náà ń gba tirẹ̀, ìyẹn ló fi ń ta ọ́ lójú láti ojú títì wá, láfikún sí èyí tó ń ti ara mọ́tò rẹ̀ gan-an wá. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́, abẹ́ omi ló ń já kiri títí ọ̀dà dúdú fi gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì.

Omi ní ìwà kan tó tún dá kún un. Bí o bá dúró lórí afárá tí o wo odò Ọ̀ṣun láti òkè tààrà, ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ ló ń ta padà lójú omi, ìyókù ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá bẹ̀rẹ̀ létí odò tí o fi ojú sún mọ́ omi, tí o wo ìsọdá, igi àti òfuurufú nìkan lo máa rí. Bí igun bá ṣe ń fẹ̀gbẹ́ sí i ni omi ń di dígí sí i. Igun tí iná mọ́tò fi ń kan títì níwájú rẹ jẹ́ èyí tó fẹ̀gbẹ́ gan-an.

Ó kan àwọn nǹkan kéékèèké yẹn, Àdùkẹ́. Inú mi dùn nígbà tí o dárúkọ Halifax, nítorí ìlú tí o ń gbé yẹn gan-an ni wọ́n ti wá! Percy Shaw, tí wọ́n bí ní 1890, tó sì kú ní 1976, ló gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí wọn ní 1934, ó sì dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n sílẹ̀ ní Halifax lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ojú ológbò ni wọ́n ń pè é. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Gíláàsì ni wọ́n rì sínú rọ́bà, rọ́bà wà nínú àpótí irin, ẹ̀yìn gíláàsì náà sì dà bíi dígí. Iwájú gíláàsì ṣe roboto, ó ń kó ìtànṣán tó wọlé jọ sí ẹ̀yìn, dígí ẹ̀yìn á ta á padà, iwájú á sì darí rẹ̀ gba ọ̀nà tó gbà wá. Kò bá dígí lásán dọ́gba. Dígí lásán ń ta ìmọ́lẹ̀ síbi tí igun bá sọ, èyí ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ojú rẹ kò sì jìnnà sí iná mọ́tò rẹ, lo fi ń rí i. Ẹni tó dúró lẹ́bàá títì kò lè rí ohun tí o rí.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni ti òjò. Táyà tó bá gun orí rọ́bà náà ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, rọ́bà á nu ojú gíláàsì, omi òjò tó ti dúró sísàlẹ̀ àpótí á sì fọ̀ ọ́. Òjò tó sọ títì rẹ di òkùnkùn ni ó fi ń wẹ ohun tó ń fọ̀nà hàn ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba ní kí gbogbo iná ìta kú nítorí bọ́ǹbù, ni àwọn aláṣẹ wá mọ rírì rẹ̀ dáadáa.

Ojú ológbò gidi náà kì í dá iná. Awọ kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà. Màlúù ní in, ewúrẹ́ ní in, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí ojú wọn ṣáájú ara wọn lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́. Níbi tí òkùnkùn bá ti pé pátápátá, ojú wọn kò lè tàn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí à ń gbà dá ìmọ́lẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín: dígí mẹ́ta tí wọ́n pàdé bí ògiri méjì àti ilẹ̀ ṣe ń pàdé ní igun yàrá. Ibi yòówù kí ìtànṣán ti wọlé, yóò ta lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì kọrí síbi tó ti wá. Ní oṣù Keje ọdún 1969, àwọn ará Amẹ́ríkà tó wọ ọkọ̀ Apollo 11 gbé 100 irú igun bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lórí òṣùpá. Àwọn Apollo 15 gbé 300 lọ ní 1971. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń ta iná lésà sí wọn láti ayé. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀. Àkókò yẹn ni wọ́n ń wọ̀n tí wọ́n fi mọ̀ pé òṣùpá ń sún kúrò lọ́dọ̀ wa, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Gíláàsì lásán, láìsí bátìrì, ló ń ṣe é láti nǹkan tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí mo bá rántí èyí, tí mo wá rí tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà wa lóru, tó jẹ́ ewé ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń dùn mí dé egungun. Ewé ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, díẹ̀ ló ń padà sọ́dọ̀ awakọ̀, èyí tí òjò sì ti pa tún burú jù. C-caution onígun mẹ́ta pupa tí àwọn Road Safety ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kún fún irú igun tí wọ́n gbé lọ sórí òṣùpá yẹn. Kò wọ́n tó ẹ̀mí èèyàn kan, ó sì ń ká mi lára pé inú búùtù ló ń wà.

Jọ̀wọ́, lálẹ́ òjò, dín eré rẹ kù, kí o sì máa nu gíláàsì iwájú mọ́tò rẹ nínú àti lóde, torí ọ̀rá tó bá wà lára rẹ̀ ń fọ́n iná àwọn tó ń bọ̀ sí ọ lójú. Ẹ̀wù dúdú tí o wọ̀ nínú fọ́tò yẹn dára, ṣùgbọ́n fi ẹ̀wù pélébé aláwọ̀ yẹ́lò tó ní ìlà aláwọ̀ fàdákà lé e kí o tó sọ̀kalẹ̀ sójú títì. Gbé e kọ́ sára ilẹ̀kùn lálẹ́, pa iná, mú tọ́ọ̀ṣì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ kí o tàn án sí i. Lẹ́yìn náà, gbé tọ́ọ̀ṣì náà jìnnà sí ojú rẹ tó bí apá rẹ bá ṣe lè nà tó, kí o tún tàn án. Kọ ohun tí o bá rí sí mi, mo fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Màmá ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́