Lẹ́tà sí Bàbá mi: Àwọn èrò ọkọ̀ mi

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ara wa le níbí, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Ẹ ní kí ni àwọn tó ti fẹ̀yìntì ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì lẹ bi: wọn kì í jókòó sílé.

Láàárọ̀ kùtù, àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọ ilé-ìwé ló ń kún ọkọ̀ mi fọ́fọ́, kálukú tẹjú mọ́ fóònù. Tó bá di aago 9:30, èrò á yí padà pátápátá. Láti ọdún 2008 ni ìjọba ti ń jẹ́ kí àwọn àgbà wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, káàdì wọn kì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago 9:30. Tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago 9:30 lù, màmá kan á yọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀: “Ṣé àkókò ti tó?” Màá wo aago, màá mi orí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ibi tí wọ́n ń lọ kì í jìnnà. Lónìí ilé ìwòsàn, lọ́la ilé ìkàwé, lọ́túnla ìsìnkú ọ̀rẹ́. Bàbá kan máa ń lọ ra ìwé ìròyìn láàárọ̀, wọ́n á padà sílé, tó bá di ọ̀sán wọ́n á tún jáde lọ ra mílíìkì. Kì í ṣe ìgbàgbé o. Bí wọ́n bá ra méjèèjì pọ̀, kí ni wọ́n máa fi ọ̀sán ṣe?

Mo gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ rẹ ara sílẹ̀ fún wọn, kí n sì dúró títí wọ́n á fi jókòó. Àwọn ọ̀gá wa kò ka ìyẹn mọ́ àkókò tí wọ́n fún wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń ṣe mí láàánú. Káàdì ọ̀fẹ́ kò tọ́ sí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń lọ fojú hàn ní ọ́fíìsì tó ń bá wọn wá iṣẹ́ ni mo sábà ń rí wọn. Ọjọ́ yòókù, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kiri gan-an ni kò rówó wọkọ̀ dé ibi tí iṣẹ́ wà!

Bí ẹ bá wá kí wa, ẹ máa san owó ọkọ̀ tiyín o. Àwọn tó ń gbé ìlú yìí ni wọ́n ń fún ní káàdì. Màá bá yín san án, ìjókòó tó súnmọ́ mi jù lẹ sì máa jókòó sí.

Ẹ bá mi kí Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín.