Lẹ́tà sí Àbákẹ́, tí wọ́n ń pè ní Matilda ní Alabama

Ìyá mi Àbákẹ́,

Mo júbà yín. Láti ìgbà tí a ti sin màmá mi ni ọ̀rọ̀ yín kò ti kúrò lọ́kàn mi. Oríkì kan náà ni ẹ̀yin àti àbúrò mi obìnrin jọ ń jẹ́.

Mo ka ohun tí Hannah Durkin, onímọ̀ ìtàn, tú jáde nípa yín ní 2020. Ẹ ò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n kó yín wọ ọkọ̀ akẹ́rú Clotilda ní Ouidah, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Benin lónìí, ní 1860, ẹ̀yin, ìyá yín àtàwọn ẹ̀gbọ́n yín. Bẹ́ẹ̀, láti 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú. Ẹ̀yin, ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n yín Sallie bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Alabama. Wọ́n ta àwọn ẹ̀gbọ́n yín méjì yòókù fún ẹlòmíì. Ẹ ò fojú kàn wọ́n mọ́.

Ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín dọjọ́ alẹ́, ẹ sì ń dirun bí a ṣe ń dì í nílé. Ní 1931, tí ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma, ẹ ní kí wọ́n san gbà-má-bínú. Adájọ́ ò gbà.

Ìwé gba gbogbo èyí. Kí lorúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n yín méjèèjì tí wọ́n tà? Ó dá mi lójú pé ìyá yín á máa pè wọ́n lóru. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ọmọ mẹ́rìnlá lẹ bí. Ṣé ẹ ò fi orúkọ wọn sọ ẹyọ kan? Ẹ má bínú, ìyá. Ọkàn mi ló gbọgbẹ́.

Àbúrò mi tó ń jẹ́ Àbákẹ́ bíi tiyín gba ọ̀nà Agadez, ní Niger, lọ sí Líbíà. Lọ́jọ́ tó pè wá kẹ́yìn, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ni fóònù bá já. Nígbà tí a fẹ́ tẹ pósítà ìsìnkú màmá, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, pé a ò mọ̀ bóyá ká tò ó mọ́ alààyè àbí òkú. Mo pariwo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yẹn débi pé àwọn tó wá tẹ ìwé ìgbéyàwó dákẹ́. Wọ́n fi í sí i, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún.

Ní báyìí, wọ́n ti gbé ìwé ilé bàbá wa dé. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ pín owó rẹ̀ sí. Márùn-ún ni màmá mi bí. Wọ́n ní èmi nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí i, pé ẹni tó fẹ́ ra ilé ò ní dúró. Owó ilé ìwé ọmọ mi wà lọ́rùn mi, mo sì nílò owó náà jù wọ́n lọ. N ò fọwọ́ sí i.