Jíjìn Ọ̀nà Òfurufú Yàtọ̀ sí Wákàtí Orí Tíkẹ́ẹ̀tì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi àlàyé yìí síta, nítorí ìbéèrè kan ò yéé jẹ yọ lẹ́nu àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì: bí London sí New York bá jẹ́ nǹkan bíi 5,540 kìlómítà, tí bàálù sì ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ló dé tí wọ́n ń kọ wákàtí mẹ́jọ dípò mẹ́fà?

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ fà á. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí méjìlá sókè, níbi tí bàálù ńlá ń gbà, afẹ́fẹ́ líle máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lórí òkun Atlantic tó wà láàárín ìlú méjèèjì. Nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń ka 900 náà, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sá 100 bá dojú kọ bàálù, 800 ló kù, ọ̀nà náà á sì gbà tó wákàtí méje dín ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà àbọ̀, tó bá ń tì í lẹ́yìn, ó di 1,000: wákàtí márùn-ún ààbọ̀ péré. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, bàálù British Airways kan ti New York dé London láàárín wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56. Bàálù lásán ni o, ìjì ló gbé e sáré.

Èyí tó kù wà nílẹ̀. Ìgbà tí bàálù bá kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni aago tíkẹ́ẹ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá tún gúnlẹ̀ níbi tó ń lọ ló ń parí. Yíyí lórí pápá, dídúró de àyè láti gbéra àti yíyípo lókè kí àyè tó ṣí láti balẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ sì máa ń bu ìṣẹ́jú díẹ̀ lé e, kí wọ́n má baà pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé bàálù dé ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò, bẹ́ẹ̀ kò sáré rárá.

Ẹ ṣọ́ aago ìlú méjèèjì pẹ̀lú. Ẹni tó kúrò ní New York ní aago méje alẹ́, tó dé London ní aago méje òwúrọ̀, kò lo wákàtí méjìlá. Aago London fi wákàtí márùn-ún ṣáájú ti New York: ẹ yọ márùn-ún kúrò, ó ku méje. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń fi wákàtí kan sún aago síwájú ní Àìkú kejì oṣù Kẹta, London sì ń dúró di Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù náà. Láàárín ìgbà yẹn, mẹ́rin lẹ ó yọ.

Ẹ má fi rúlà wọn ọ̀nà lórí máàpù pẹlẹbẹ. Okùn tí ẹ bá nà lórí gílóòbù ló ń fi ọ̀nà tó kúrú jù hàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà New York sí Tokyo fi ń gba ẹ̀gbẹ́ Alaska. Ọ̀nà kúkúrú náà kì í sì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo: látìgbà tí òfurufú Rọ́ṣíà ti di títì fún bàálù Finland ní 2022, Helsinki sí Tokyo kúrò ní bíi wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó di nǹkan bíi mẹ́tàlá.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín nìyí: bí ẹ bá ń tẹ máìlì jáde, ẹ kọ irú èyí tó jẹ́. 5,540 kìlómítà yẹn jẹ́ nǹkan bíi 3,440 máìlì orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n máìlì orí omi tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò kò ju bíi 2,990 lọ.