Àwa tá à ń wo tẹlifíṣàn lọ́sàn-án ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Adéta, Ìlọrin. Tẹlifíṣàn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló ń bá èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi gbé láti àárọ̀ títí a ó fi palẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń to ètò sórí ẹ̀ pé kí wọ́n rántí àwa ará ọ̀sán.

Bẹ́ ẹ bá tàn án láago mọ́kànlá, oníwàásù tó sanwó wákàtí kan lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá kúrò, alágbo á dé. Lẹ́yìn ìyẹn, eré kan tí wọ́n ti ń gbé wá gbé lọ láti èṣín. Ọmọṣẹ́ mi kan ti mọ̀ ọ́n sórí. Kí bàbá inú eré náà tó lanu, ó ti bá a sọ ọ́ tán, tòun ti ikọ́ tí bàbá ń wú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú. Ìròyìn tó dán mọ́rán, dókítà tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé àrùn, orin dàdàkúàdà, gbogbo rẹ̀ á rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn gan-an niná máa ń lọ ládùúgbò wa. A ò sí lára àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù. Ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń fún wa níná. Ta ló sì fẹ́ rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ torí tẹlifíṣàn, látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni. Alẹ́ làwọn tó ń polówó ọjà ńlá ń fẹ́, ìgbà yẹn lojú pọ̀ nídìí tẹlifíṣàn. Ọ̀sán ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú fẹ́ni tó bá ti rí i san. Mi ò bá wọn jà síyẹn. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí, kò sí ti ọ̀sán rárá.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ìyá àgbà kan gbé àǹkárá wá kí n bá òun rán bùbá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Alágbo gbé ìgò kan sókè lórí tẹlifíṣàn, ó ní ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo jẹ̀dí-jẹ̀dí, ó tún ń la ojú. Ìyá ní kí n bá òun kọ nọ́ńbà. Mo kọ ọ́. Mo rò pé eré ni. Nígbà tí wọ́n wá gbaṣọ lọ́sẹ̀ méjì sígbà náà, ìgò ọ̀hún wà nínú báàgì wọn, wọ́n ní àwọn ti pa oògùn ọsibítù tì. Mo gba ìgò náà, mo gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n kọ ọ́ lédè òyìnbó pé àjọ NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò yẹn wò. Ìyá ò gbọ́ òyìnbó. Alágbo ò sì ka ibẹ̀ fún wọn. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà láti padà sídìí oògùn wọn.

Lọ́sẹ̀ kan náà, dókítà kan sọ ọ́ lálẹ́, lórí tẹlifíṣàn kan náà, pé kéèyàn má fúnra ẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Àbúrò mi tó ń gbé Tanke, tó ní sólà, ló sọ fún mi. Inú òkùnkùn lèmi àti ìyá wà.

Lọ́dún 2004, àjọ NBC tó ń bójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ní kí tẹlifíṣàn yéé gbé iṣẹ́ ìyanu tí kò ṣeé fìdí ẹ̀ múlẹ̀ jáde. Àgbo tó ń wo àrùn mẹ́wàá pọ̀ ńkọ́? Mi ò ní kí wọ́n lé alágbo o, èmi náà ń mu àgbo. Kó ṣáà ka ohun tó wà lára ìgò sí wa létí, ní Yorùbá, kó tó dárúkọ iye tó ń tà á. Kí wọ́n sì tún ètò dókítà alẹ́ àná gbé sáfẹ́fẹ́ láago méjìlá ọ̀sán. Wọ́n kúkú ti yà á tán. Tí wọ́n bá ní kò sáyè, kí wọ́n yọ eré bàbá oníkọ́ yẹn. Ọmọṣẹ́ mi á máa ṣe é fún wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan,
Adéta, Ìlọrin.