Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Oníṣu sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Ọjọ́ Jíjá Iṣu ní Ọjà

Sí Ọlọ́lá Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin Kánsẹ́lọ̀ gbogbo, nípasẹ̀ Ìyálọ́jà.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ oníṣu nínú ọjà ìlú yìí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kọ ìwé yìí nítorí ìkéde tí kánsù lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ọjà, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọkọ̀ akẹ́rù lè wọ ojú ọ̀nà ọjà láti já iṣu, kó sì ti jáde kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ gbé òfin náà kúrò lórí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé e ka orí ọjọ́ ọjà.

A kò bá yín jiyàn lórí ìdí tí ẹ fi ṣe òfin. Ọ̀nà náà há, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà á kọjá, bí lọ́rì méjì bá sì dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ kékeré kì í rí àyè kọjá mọ́. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ọjà, ibùdókọ̀, òpópónà, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí sábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni àṣẹ, ẹ̀yin náà la sì gbé ẹ̀bẹ̀ wá bá.

Ọjà ọrọọrún ni ọjà wa, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn baba wa. Ọjọ́ 4 ló máa ń wà láti ọjà kan sí èkejì, ọ̀sẹ̀ tí ọ́fíìsì ń lò sì jẹ́ ọjọ́ 7; ìdí nìyí tí ọjà kì í fi í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀. Bí a bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún bọ́ sí, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Láàárín ọjọ́ 28, ọjà 7 là ń ná. Nínú 7 yìí, 2 péré ló bọ́ sí ọjọ́ tí kánsù yàn. 2 mìíràn, ti Ọjọ́rú àti ti Àbámẹ́ta, bọ́ sí ọjọ́ kejì rẹ̀, ìyẹn ṣì ṣe é fara dà. Àwọn 3 tó kù ló ń pa wá lára. Iṣu ọjà Àìkú gbọ́dọ̀ ti wọlé láti ọjọ́ Ẹtì, ti Ọjọ́bọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ Ajé, tí iṣu rẹ̀ yóò sun òru mẹ́ta gbáko kí oníbàárà tó fojú kàn án.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn lè wí pé iṣu kì í ṣe tòmátì, pé ó lè dúró. Iṣu tó gbó, tí a tò sábẹ́ òjìji, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, a máa pẹ́ fún oṣù mélòó kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjà wa kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ là ń kó o jọ sí, a ó sì fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Ooru a mú un lábẹ́ ibẹ̀, èyí tó sì ti fara bó lójú ọ̀nà a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ojú egbò náà. Ti iṣu titun ló le jù, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀, èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí a bá sì ní ká já a sẹ́yìn ìlú, ká tún kó o wọjà lọ́jọ́ ọjà, owó alábàárù di ìlọ́po méjì, iṣu tó ń ṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Orí àwọn ìyá oníyán àti àwọn tó ń ra iṣu mẹ́ta mẹ́rin lọ sílé ni ìnáwó yẹn ń já sí nígbẹ̀yìn, èyí sì dùn wá gidigidi, nítorí pé iyán ni oúnjẹ ilé wa ní Èkìtì.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ọkọ̀ iṣu máa wọlé láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la títí di aago méje àárọ̀ ọjọ́ ọjà, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí. Ẹ ó rí i pé a fi wákàtí kan dín àsìkò tí ẹ̀yin fúnra yín fún wa láàárọ̀ kù, kí ọ̀nà lè ṣófo fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lọ́rì kan ni yóò máa wà níwájú ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ yóò yan ẹni tí yóò máa pe àwọn tó kù wọlé. Àwa náà ni yóò gbá erùpẹ̀ ara iṣu, a kò ní jẹ́ kó wọ gọ́tà. Nígbà tí ọjà bá bọ́ sí Àìkú, tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù kò sí lẹ́nu iṣẹ́, a ṣetán láti san owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, bí ẹ bá lè fún wa ní rìsíìtì.

Ìyálọ́jà lè fi déètì gbogbo ọjọ́ ọjà inú ọdún ránṣẹ́ sí Akọ̀wé kánsù, kí ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkéde tuntun. A tún bẹ̀ yín kí ẹ dá owó ìtanràn àwọn awakọ̀ dúró títí ẹ ó fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn aṣojú wa yóò wá sí ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dá fún wa.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, ní orúkọ Ẹgbẹ́ Oníṣu