Orúkọ Tí Ìjọ Bá Fi Ránṣẹ́ sí Ilé Ìjọba

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún Tímótíù pé kí ó má ṣe kánjú gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni, kí ó má baà di alábàápín nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ìyànsípò nínú ìjọ ni a sábà máa ń fi ẹsẹ yìí wàásù lé lórí, ṣùgbọ́n ó kan orúkọ tí ìjọ ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìjọba pẹ̀lú, nígbà tí gómìnà bá ń yan kọmíṣọ́nà tí àwọn ènìyàn sì ń wá ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ àlùfáà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìpínlẹ̀ Bavaria ní gúúsù Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé ọwọ́ ìjọ wà nínú ìjọba ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba Munich lọ́dún 1945, Kádínà Faulhaber, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, wà lára àwọn tí wọ́n bi léèrè ẹni tó lè darí ìpínlẹ̀ náà. Fritz Schäffer ni ó dárúkọ, wọ́n sì fi í jẹ olórí ìjọba ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Ẹni burúkú kọ́ ni Kádínà mú wá: ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni Schäffer, àwọn Nazi fúnra wọn, ẹgbẹ́ Hitler tó ń ṣèjọba Jámánì nígbà ogun, sì ti jù ú sí àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau lọ́dún 1944. Síbẹ̀, oṣù mẹ́rin péré ni ó lò kí àwọn Amẹ́ríkà tó yọ ọ́, nítorí pé ó fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Nazi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo mọ̀ pé ìdààmú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ebi ń pa ìlú, ìgbà òtútù ń bọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó sì ti wọ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti opó tó bá lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì, tó wá bá akọ̀wé tó fọwọ́ sí ìwé àtimú ọkọ rẹ̀ lórí àga kan náà.

Wilhelm Hoegner, amòfin ẹgbẹ́ Sósíàlístì tó ti sá lọ sí Switzerland nígbà ayé Hitler, ni wọ́n fi rọ́pò Schäffer, ọ̀nà tí ó gbà kó ìgbìmọ̀ rẹ̀ jọ sì wú mi lórí gidigidi. Albert Roßhaupter, tí òun náà ti jìyà ní Dachau, ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́; Josef Baumgartner, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, gba iṣẹ́ àgbẹ̀; Ludwig Erhard, tí kò ní ẹgbẹ́ kankan nígbà náà, tó sì di olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì lọ́dún 1963, gba ètò ọrọ̀ ajé. Heinrich Schmitt, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnístì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíyọ àwọn Nazi kúrò lé lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1946, ará ìlú dìbò, ẹgbẹ́ CSU, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Kristẹni ní Bavaria, sì gba ìjókòó 104 nínú 180 ní ilé aṣòfin. Hans Ehard ti CSU lè dá ṣèjọba, ṣùgbọ́n ó pe ẹgbẹ́ Hoegner wọlé, ó sì fi Hoegner ṣe igbákejì rẹ̀ àti mínísítà ètò ìdájọ́. Àwọn méjèèjì ti kojú Hitler rí: Ehard wà lára àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 1924 lórí ọ̀tẹ̀ tó dì ní Munich, Hoegner sì wà nínú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó tú ìdí ọ̀tẹ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n Alfred Loritz tí Ehard gbé iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́, ìyẹn yíyọ àwọn Nazi kúrò, lé lọ́wọ́ kò yẹ fún un rárá, Ehard sì yọ ọ́ lọ́dún 1947. Nínú ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Hoegner jáde kúrò nínú ìjọba.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Òfin ìwẹ̀nùmọ́ tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1946 pín àwọn ènìyàn sí ìpele márùn-ún, láti orí ọ̀daràn ńlá dé orí ẹni tí kò jẹ̀bi, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ á wá ẹlẹ́rìí, àwọn àlùfáà Kátólíìkì àti ti Lutheran sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ará Jámánì sọ ìwé náà ní orúkọ Persil, ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ. Òtítọ́ wà nínú àwọn kan, ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, ohun tí àlùfáà mọ̀ kò ju pé ọkùnrin náà ń wá sí ìsìn tàbí pé ìyàwó rẹ̀ wá sunkún nílé òun.

Nítorí náà, èmi àti ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ti fẹnu kò pé n kò ní fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni tó ń wá ipò ìjọba, àfi tí alàgbà méjì tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá ti kọ ohun tí wọ́n fojú rí. Kí ẹni tó bá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ bá akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn yín