Lẹ́tà sí Àkànní nípa Rolleiflex

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le nílé, a dúpẹ́.

O ní kí ni mo rí lára kámẹ́rà Rolleiflex tí mi ò yé sọ ọ́. Jẹ́ kí n rò fún ọ. Ìlú Braunschweig ní Jámánì ni Paul Franke àti Reinhold Heidecke ti dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1920. Kámẹ́rà olójú mẹ́ta (lẹ́ńsì ni mò ń pè ní ojú) ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe: méjì ń ya fótò, èyí tó wà láàárín sì ni wọ́n fi ń wòran. Ìgbà tó yá, Heidecke dín ojú kù sí méjì, ó tò wọ́n lé ara wọn. Bí Rolleiflex ṣe jáde ní 1929 nìyẹn.

Ojú òkè ni o fi ń wò, ti ìsàlẹ̀ ló ń yà á. Dígí kan dagun sẹ́yìn ti òkè, òun ló ń gbé àwòrán sórí gíláàsì tí o máa bẹ̀ wò. Ibì kan náà ni wọ́n de ojú méjèèjì mọ́, wọ́n jọ ń sún ni. Bí nǹkan bá ti hàn kedere ní òkè, ó ti hàn ní ìsàlẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀tún máa ń di òsì nínú gíláàsì yẹn o, àfi kí ọwọ́ mọ́ ọn.

Èyí tó wù mí jù nínú àwọn Rolleiflex ni Automat ọdún 1937. Ṣáájú rẹ̀, ojú fèrèsé pupa kékeré kan lẹ́yìn kámẹ́rà lo ti máa wá nọ́ńbà fótò àkọ́kọ́. Nínú Automat, àárín rólà méjì ni fíìmù ń gbà kọjá. Ibi tí wọ́n ti lẹ fíìmù mọ́ bébà rẹ̀ nípọn díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Bí ó bá dé àárín rólà, wọ́n á mọ̀ ọ́n lára, kíkà fótò á sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Kò lo bátìrì rárá, Àkànní! Irin lásán ni.

Rolleiflex ni Pierre Verger, ayàfótò ará Faransé, náà gbé rìn. Ó dé Bahia ní Brazil ní 1946, ó wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu ilẹ̀ Benin ní 1953. Wo fótò àwọn olórìṣà tó yà, bí ojú wọn ṣe balẹ̀. Mo gbà pé kámẹ́rà yẹn wà lára ohun tó fà á: ikùn lo máa gbé e sí, wàá tẹrí ba wò ó, kò ní bo ojú rẹ mọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ. Àgbà wa wo ló máa bínú sí ẹni tó tẹrí ba fún un?

Bí o bá ń bọ̀ lọ́dún, jọ̀ọ́ bá mi ra fíìmù 120, irú èyí tí kámẹ́rà mi ń lò, dání láti Lọ́ńdọ̀nù. Fótò méjìlá péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yà, má rà á kéré.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni tìrẹ,
Délé